Ojúsun Odò Guadiana: Bí Kànga Ṣe Mú Odò Gbẹ Ní Ilẹ̀ Spéìn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa tí òwe yìí ṣàjèjì sí. Ṣùgbọ́n bí odò kò bá gbàgbé orísun rẹ̀ ńkọ́, tí ó jẹ́ pé ènìyàn ni ó fa omi náà tán lábẹ́ ilẹ̀ kí ó tó dé orísun? Ìtàn tí a ó gbé yẹ̀ wò lónìí nìyẹn, ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè. Ilẹ̀ Spéìn ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Spéìn ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ La Mancha wà. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń mú ganrínganrín. Síbẹ̀, òkúta ẹfun tí ó lu ihò wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, omi òjò àtayébáyé sì kún inú rẹ̀. Láàrin ìlú Daimiel àti ìlú Villarrubia de los Ojos, omi yìí a máa sun jáde, a sì di odò Guadiana, tí ó ń ṣàn gba ẹnubodè ilẹ̀ Pọ́túgàl lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Los Ojos del Guadiana ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ibi tí omi náà ti ń sun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Àwọn Ojú Guadiana". Ẹ wo bí èdè méjì tí kò bá ara wọn tan ṣe pàdé: ojúsun ni àwa náà ń pe irú ibẹ̀. Orúkọ ìlú Villarrubia pàápàá gba "ojú" yìí mọ́ra.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí odò yìí ti ń ya àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù ayé àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé odò náà a máa wọlẹ̀, a sì tún máa yọ jáde. Nínú apá kejì ìwé Don Quixote, tí ó jáde ní ọdún 1615, Cervantes sọ Guadiana di ìránṣẹ́ kan tí oṣó Merlin sọ di odò. Níwájú àwọn ojúsun wọ̀nyí ni àbàtà ńlá Tablas de Daimiel wà, níbi tí omi dídùn Guadiana ti pàdé omi oníyọ̀ díẹ̀ ti odò Cigüela. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn apẹja rí oúnjẹ òòjọ́ wọn, agbára omi sì ń yí ọlọ ìlọkà.

Kí ni ó wá bà á jẹ́? Òfin wà nínú rẹ̀. Òfin omi ọdún 1879 sọ pé ti ìjọba ni odò, ṣùgbọ́n omi tí onílẹ̀ bá wà jáde láti inú ilẹ̀ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìbaaka ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ ìfami, òfin náà kò pa odò lára. Nígbà tí ẹ̀rọ ìfami dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 1956, ìjọba ṣe òfin mìíràn láti fa àwọn àbàtà agbègbè náà gbẹ kí wọ́n lè di oko. Ní 1973, wọ́n sọ Tablas de Daimiel di ọgbà ìpamọ́ ti orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí gan-an ni kànga ń pọ̀ sí i lẹ́yìn odi ọgbà. Nǹkan bí hẹ́kítà 30,000 ni wọ́n ń bomi rin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, ó ti ju 100,000 lọ. Kì í ṣe ìwà ìkà ni àwọn àgbẹ̀ náà hù. Tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àgbàdo àti àjàrà tí wọ́n ń bomi rin sì sọ wọ́n di ẹni tí ń jẹun kánú.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí kànga ṣe ń pa odò. Bí ẹ̀rọ bá ń fa omi, omi inú ilẹ̀ tí ó yí kànga náà ká a máa lọ sílẹ̀, a sì jìn bí àwo. Bí kànga bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwo ti ọ̀kan a pàdé ti èkejì, gbogbo omi abẹ́ ilẹ̀ a sì wálẹ̀. Ọjọ́ tí omi náà bá ti rẹlẹ̀ ju ojúsun lọ, ojú ti fọ́ nìyẹn. Èyí tí ó ṣẹ́kù nínú odò pàápàá a máa rì padà wọ inú ilẹ̀. Ní 1940, C. V. Theis, onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé kò sí omi kànga tí kò jẹ́ àdánù fún ibòmíràn. Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé gbèsè náà kì í tètè dé. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí odò tó fi hàn pé wọ́n ti jà á lólè.

Ní 1984, àwọn Ojú Guadiana gbẹ. Àwọn ènìyàn fi ibi tí omi ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀ dáko. Òfin tuntun ti 1985 sọ omi abẹ́ ilẹ̀ di ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ní kànga tẹ́lẹ̀ kò fi ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀. Ní 2009, ilẹ̀ àbàtà náà, tí ó jẹ́ èérún koríko tí ó ti jẹrà láti ayébáyé, gbiná lábẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní 2010, wọ́n fa omi odò Tajo wá láti fi pa á, òjò ńlá sì tún rọ̀. Láàrin ọdún díẹ̀, omi tún yọ ní àwọn ojú kan. Ṣùgbọ́n ọ̀dá tún dé lẹ́yìn náà, kànga kò sì sinmi. Ó dé ibi pé wọ́n gbẹ́ kànga pàjáwìrì, tí wọ́n ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ yìí kan náà sínú àbàtà, kí ó má baà tún gbiná.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Orúkọ méjì ni òfin fún omi kan ṣoṣo: ó pe ti òkè ní odò, ó pe ti ìsàlẹ̀ ní dúkìá onílẹ̀. Èdè àwọn ará La Mancha mọ òtítọ́ ju òfin wọn lọ, nítorí ojú kì í dá wà láìsí ara. Ẹni tí ó ń fa omi kànga, omi odò ni ó ń fà.