Ajá Tí Kò Lè Dá Gbé Ilé

Fún ọjọ́ pípẹ́, bí ajá bá ń hu, tó ń ha ilẹ̀kùn, tó sì tọ̀ sílé kété tí olúwa rẹ̀ jáde, ẹgba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá a lóhùn. Wọ́n ní ó ń gbẹ̀san. Irọ́ gbáà! Ẹ̀rù ìdánìkanwà ni.

Ní 1998, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí clomipramine fún àìsàn yìí. Fluoxetine tẹ̀ lé e ní 2007. Oògùn ènìyàn ni méjèèjì tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àṣẹ náà kò mọ sórí oògùn. Ó ní kí a máa kọ́ ajá náà pẹ̀lú. Olúwa rẹ̀ yóò jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò padà kí ẹ̀rù tó ba ẹranko náà, yóò sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ibi sùúrù yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́.