Ilé, Ilẹ̀ àti Gáàsì Rédọ́ọ̀nù: Ìtàn Ilé Kíkọ́ ní Agbègbè Ìjurin-Èkìtì

Orí àpáta tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ púpọ̀ ni Ìjurin-Èkìtì àti àwọn ìlú tí ó yí i ká tẹ̀dó sí. Ní Ìjerò, àwọn ènìyàn ti wa tíìnì àti kọ́lọ́ńbáìtì láti inú ilẹ̀. Ní apá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, òkè olókùúta líle ni ó nà lọ gbọọrọ. Nínú akọ òkúta àti irú òkúta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní pegmatite, yuréníọ̀mù a máa wà ní ìwọ̀nba. Bí yuréníọ̀mù ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ ni ó ń di rédíọ̀mù, tí rédíọ̀mù náà sì ń di gáàsì rédọ́ọ̀nù. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn. Láàárín ọjọ́ 3.8, ìdajì rẹ̀ yóò ti di nǹkan mìíràn. Àwọn nǹkan mìíràn yìí gan-an ni ó ń lẹ̀ mọ́ eruku, tí ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ìta gbangba, afẹ́fẹ́ a máa tú u ká. Inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, ìtàn rédọ́ọ̀nù ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kì í ṣe ìtàn òkúta nìkan. Ìtàn ilé ni pẹ̀lú.

Àwọn awakùsà ni ó kọ́kọ́ fara gbá a. Ní Schneeberg ní ilẹ̀ Jámánì, àìsàn àyà ti ń pa àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kí Härting àti Hesse tó fi hàn ní 1879 pé jẹjẹrẹ ni. Ní 1900 ni Friedrich Ernst Dorn ṣàkíyèsí gáàsì tí ń jáde lára rédíọ̀mù. Síbẹ̀, àrùn awakùsà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ náà sí títí di ìparí 1984, nígbà tí ẹ̀rọ ìṣọ́ ní iléeṣẹ́ iná mànàmáná Limerick ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ń ké nígbà tí òṣìṣẹ́ kan, Stanley Watras, bá ń kọjá. Ìgbà tí ó ń ti ilé rẹ̀ bọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń ké, kì í ṣe ìgbà tí ó bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé rẹ̀ ni gáàsì náà kún. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá 100 Bq nínú mítà kúbíkì afẹ́fẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n fún inú ilé. Orílẹ̀-èdè tí kò bá lè dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 300.

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ni ó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ wíwọn ìtànṣán. Àdó olóró tí ìjọba Faransé dán wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960 ni ó fa ìpayà, tí Nàìjíríà fi já àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1961. Láti inú ìpayà yẹn ni Federal Radiation Protection Service ti jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn láàárín àwọn ọdún 1960. Ojú ọ̀run ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó bojú wo ilẹ̀. Farai àti Sanni tẹ ìwádìí kan jáde ní 1992 lórí rédọ́ọ̀nù nínú omi abẹ́ ilẹ̀. Ní 2011, Obed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èyí tí wọ́n ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama 35 ní Òkè-Ògùn jáde. Ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n rí jẹ́ nǹkan bí 45 Bq. Iye náà fi ọkàn balẹ̀ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò lè dúró fún yàrá tí ènìyàn ń tì pa sùn.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ilé àtijọ́ ni ó dára jù. Ẹ̀rí kò gbè é tán. Yàrá inú ilé alámọ̀ kéré, ó ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní fèrèsé rárá, àjà alámọ̀ sì bò ó lókè. Ilẹ̀ tí a lù, tí a rẹ́, ni àwọn ará ilé ń tẹ́ ẹní lé. Kò sí ohun tí ó dènà gáàsì láti inú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn nìkan ni ó sì lè gbà jáde. Ohun tí ó dín ewu kù ni ìgbé ayé àwọn tí ń gbé ibẹ̀: oko ni láti òwúrọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni ní ìrọ̀lẹ́, yàrá kò ju ibi ìsùn àti ibi ìkẹ́rùsí lọ.

Owó kòkó ni ó yí èyí padà. Páànù dé, sìmẹ́ǹtì dé, fèrèsé onípákó tí a ń ṣí ní kùtùkùtù dé, àwọn tí ọwọ́ wọn tó o sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilẹ̀ onísìmẹ́ǹtì tí kò sán ń dí gáàsì lọ́nà. Fèrèsé ń tú èyí tí ó bá wọlé ká. Ẹni tí ń sùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì jìnnà sí ilẹ̀. Ooru àti ọlá ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe rédọ́ọ̀nù. Síbẹ̀, nínú gbogbo irú ilé tí agbègbè náà ti mọ̀, ó jọ pé ilé kòkó yìí ni ó ń mí dáadáa jù lọ.

Ilé òde òní ni ó tún padà di yàrá àtijọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í jáde nínú rẹ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́. Fèrèsé onígíláàsì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù olè, èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, eruku ọyẹ́ àti ẹ̀rọ amúlétutù ń mú kí a tì í pa. Gáàsì ń gba ibi tí páìpù balùwẹ̀ ti wọlẹ̀ àti ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ ilé. Omi kànga ẹ̀rọ tí a gbẹ́ wọ inú àpáta lè gbé e wọlé pẹ̀lú, bí a bá fà á láti ilẹ̀ tààrà sí balùwẹ̀ láìjẹ́ kí ó dúró nínú táńkì tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ọ̀rọ̀ iyanrìn ìwakùsà tún wà ńlẹ̀: ní agbègbè Jos, àwọn kan fi èyí tí ó ṣẹ́kù níbi tí a ti wa tíìnì kọ́lé, tọ́ríọ̀mù sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ìlú tí ó súnmọ́ kùsà Ìjerò fi etí sí èyí.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. A lè gbé agolo èédú kan sínú yàrá fún ọjọ́ díẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ kì í fi ìyàtọ̀ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn hàn. Èyí tí ó dára jù ni pélébé ike CR-39, irú èyí tí a lò ní Òkè-Ògùn, tí a ń fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá ìsùn nísàlẹ̀ ilé, kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Ìtànṣán a máa fi ojú ọgbẹ́ tín-ín-tín sí i lára. Omi kọ́sítíìkì ni ó ń mú wọn tóbi tó kí a lè kà wọ́n. Bí iye bá pọ̀, fèrèsé ni a ó kọ́kọ́ ṣí, a ó sì dí ibi tí ilẹ̀ ilé ti sán. Bí ìyẹn kò bá tó, páìpù kan láti abẹ́ ilẹ̀ ilé gba òkè òrùlé, tí fáànù kékeré ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, yóò gbé gáàsì náà jáde kí ó tó dé inú yàrá. Nígbà tí bíríkìlà kò ì tí ì da ilẹ̀ ilé ni ó dára jù kí a ri páìpù náà mọ́lẹ̀. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ nígbà náà sí ti ìgbà tí a bá ní láti lu ilẹ̀ ilé tí a ti kọ́ parí.