Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀rí Wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ìbéèrè ni òwe náà fi parí, àmọ́ kò retí èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ ló ti dá. Ẹ̀rí méjì ló kó síwájú wa: àjẹ́ ké, ọmọ kú. Ìdájọ́ kan ló gbé ka orí méjèèjì: àjẹ́ ló jẹ̀bi. Mi ò mọ òwe mìíràn nínú èdè wa tó fi bí ènìyàn ṣe ń ti orí ẹ̀rí bọ́ sórí ìdájọ́ hàn gedegbe tó báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká tú u wò.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ la ń bi ní ẹ̀rí. Ẹni tó ní "Ọmọ náà ti kú" ìròyìn ló mú wá. Ẹni tó ní "Ẹ má gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́" ìkìlọ̀ ló ṣe. Ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé torí pé nǹkan báyìí rí báyìí, nǹkan tọ̀hún ní láti jẹ́ òótọ́, ìgbà yẹn ló tó gbé awíjàre kalẹ̀, ìgbà yẹn náà la sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó fi ọ̀nà tó gbà hàn wá. "Nítorí náà", "a jẹ́ pé", "ó di dandan kí", "ìdí nìyẹn": irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí la fi ń dá awíjàre mọ̀. Òwe tiwa yìí kò lo ọ̀kankan nínú wọn. "Ta ni kò mọ̀" ló fi dípò, iṣẹ́ méjì ni gbólóhùn yẹn sì ń ṣe. Ó so ẹ̀rí mọ́ ìdájọ́, ó sì tún pa ẹni tó fẹ́ bèèrè lẹ́nu mọ́, torí ta ló fẹ́ kí wọ́n ka òun sí aláìmọ̀kan láàárín agbo? Níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ "ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀", ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń tanná wò.

Ohun méjì la ó yẹ̀ wò, a kò sì gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀. Ṣé òótọ́ ni ẹ̀rí? Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé ó lágbára tó láti gbé ìdájọ́ ró? Ẹ̀rí lè jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé kí ìdájọ́ má sì tẹ̀lé e. Ìdájọ́ náà lè bọ́ sí òótọ́, kó sì jẹ́ pé ẹ̀rí tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn kò wúlò rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rí. Ọmọ kú: òkú wà nílẹ̀, ojú rí i. Àjẹ́ ké ńkọ́? Ohun tí etí gbọ́ ni ohùn kan lóru. Òwìwí a máa ké lóru láti sọ fún òwìwí ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ló ni sàkáání ibẹ̀, tàbí láti fi pe èkejì rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, tó wá jí lówùúrọ̀ tó ní "àjẹ́ ké", ti ki ìdájọ́ bọ inú ẹ̀rí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kó fi hàn wá ló ti kà sí ohun tó ti hàn. Àwọn oníṣègùn Yorùbá tí J. O. Sodipo àti Barry Hallen, olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá sọ̀rọ̀ fún ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1986 ní òṣùwọ̀n tó le ju ìyẹn lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí tó sì yé e ló ń jẹ́ ìmọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, bó ti wù kó dá a lójú tó, ìgbàgbọ́ ni, ó ṣì ń retí àyẹ̀wò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn baba wọ̀nyí wọn òwe wa, ikú ọmọ bọ́ sí ìhà ìmọ̀, igbe àjẹ́ kò bọ́ síbẹ̀.

Ká tiẹ̀ gbà pé àjẹ́ ké lóòótọ́. Ibẹ̀ ṣì jìn sí ìdájọ́. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni pé ọ̀kan ṣáájú, èkejì tẹ̀lé e. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì, ti kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, nínú ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba, pé àwọn olóṣèlú fẹ́ràn láti máa lo irú awíjàre yìí. Demades ló fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó sọ pé ètò ìṣèlú Demosthenes ló fa gbogbo aburú tó bá ìlú Áténì, torí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun dé. Demosthenes sọ̀rọ̀ lánàá, ogun dé lónìí. Ọ̀kan náà ni òun àti òwe wa.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá igbe yẹn ń pa ọmọ, òru kan ṣoṣo kò tó. A ó ka òru tí igbe dún tí ọmọ sì kú, èyí tí gbogbo ènìyàn ń rántí. A ó tún ka òru tí igbe dún tí gbogbo ọmọ jí ire, òru tí igbe kò dún tí ọmọ sì kú, àti òru tí kò sí igbe tí kò sì sí òkú. Mẹ́ta ìkẹyìn yìí kì í wọ inú ìtàn. Ta ló ń jí lówùúrọ̀ tó ń ròyìn pé ẹyẹ ké lóru, nǹkan kan kò sì ṣe ẹnikẹ́ni?

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà tó ni òwe lè ní mo ti gbọ́ òwe wọn lódì. Wọn kì í sábà pa á torí ẹyẹ. Bí ẹnì kan bá halẹ̀ lọ́jà lánàá pé òun yóò dáná sun abà aládùúgbò òun, tí abà náà sì jó lónìí, ìgbà yẹn ni wọ́n ń pa á. Èyí lágbára ju ti ẹyẹ lọ fíìfíì, torí ẹni tó halẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Irú awíjàre báyìí kò ní kò sí bó ṣe lè rí àfi bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ó jọ bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ó tó kí ọlọ́pàá lọ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin náà. Kò tó kí adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n, torí sìgá ẹni tó ń kọjá lè ti bọ́ sínú koríko, ọ̀tá mìíràn sì lè ti gbọ́ ìhàlẹ̀ yẹn kó fi bojú. Ibi tí òwe náà ti ń ṣìnà ni ibi tó ti sọ ìfura di ìdájọ́. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún kò fojú kékeré wo ewu yìí: abala 210 rẹ̀ ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àbíkú. Awíjàre tí wọ́n gbé e kà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Obìnrin bímọ, ọmọ kú kó tó pé ọdún méjì. Ó tún bí, òun náà kú. Ojú wọn jọra, àìsàn wọn jọra, ọjọ́ orí tí wọ́n kú súnmọ́ra. A jẹ́ pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Wọn a gé òkú ní ìka tàbí kí wọ́n fi àmì sí i lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí péye: ikú a máa tẹ̀léra nínú ilé kan, kó má sì ya ilé kejì. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá méjì a máa jọra láìjẹ́ pé ẹnì kan náà ni wọ́n, ẹ̀rí kan náà sì lè gba àlàyé méjì. Ọwọ́ àwọn oníṣègùn òyìnbó ni àlàyé kejì ti wá. Lọ́dún 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago, ṣàkọsílẹ̀ aláìsàn kan tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Lọ́dún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hemoglóbínì ni àléébù náà wà. Lọ́dún kan náà, James Neel fi hàn pé ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Bí baba àti ìyá bá jẹ́ AS, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé S kan tó ní àléébù àti A kan tí kò ní, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, kó gba S méjì. Ara ọmọ SS sábà máa ń yá fún oṣù bíi mélòó kan, torí hemoglóbínì tó gbé wá láti inú oyún ń dáàbò bò ó. Bí ìyẹn bá ti ń tán lára rẹ̀ ni ìrora àti àìsàn ń bẹ̀rẹ̀. Àlàyé yìí dáhùn ohun tí àwọn baba wa rí, ó tún dáhùn ìdí tí àwọn kan nínú ọmọ ìyá kan náà fi ń yè, ó sì ṣeé fi ẹ̀jẹ̀ dán wò. Síbẹ̀, ẹni tó bá wá ní "a jẹ́ pé SS ni gbogbo àbíkú ayé àtijọ́" ti tún fo ẹ̀rí kọjá. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbóná náà pa ọmọ lọ́pọ̀ yanturu.

Orúkọ àbíkú náà wọ inú ẹjọ́ yìí. Wọ́n sọ ọmọ ní Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòsọ́kọ́, ó sì dúró. Ṣé orúkọ ló dá a dúró? Nínú oyún mẹ́rin tí òbí AS méjì bá ní, a lè retí pé nǹkan bíi mẹ́ta kò ní jẹ́ SS, orúkọ yòówù kí wọ́n sọ wọ́n. Ohun kan tún wà tí ènìyàn kì í tètè rí: gbogbo Málọmọ́ tí a ń pàdé ládùúgbò ló dúró, torí àwọn Málọmọ́ tó lọ kò sí nílẹ̀ mọ́ ká tó kà wọ́n. Àwọn tó yè nìkan ló ń jẹ́rìí fún orúkọ náà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju àwọn orúkọ wọ̀nyí nù, ẹkún ìyá wà nínú wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹni tó kàwé náà ń ṣìnà. Tọkọtaya AS tí ọmọ mẹ́ta wọn le koko a máa ní kẹrin ni yóò jẹ́ SS. Àwọn mìíràn tí wọ́n ti bí SS kan a ní mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì, torí oyún kò mọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti àkọ́kọ́, òun náà ni ti ìkẹyìn.

Awíjàre tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ranlẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Ọmọ SS gba S lọ́dọ̀ baba, ó sì gba S lọ́dọ̀ ìyá. Ọkùnrin yìí jẹ́ AA, kò ní S kankan. Nítorí náà, òun kọ́ ló bí ọmọ SS yìí. Bí gbogbo ẹ̀rí yẹn bá jẹ́ òótọ́, kò sí bí a ṣe lè sá fún ìdájọ́ náà, ilé sì lè tú ká lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ohun tí awíjàre náà fún wa gan-an ni pé ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ti ṣẹlẹ̀: ọkùnrin náà kọ́ ni baba ọmọ, tàbí kì í ṣe AA, tàbí ọmọ kì í ṣe SS. Ta ló wá ka ẹ̀jẹ̀ náà? Wọ́n lè pààrọ̀ ìgò ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ka èsì lè ṣì í kà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí ènìyàn lára láìpẹ́ sì lè da èsì rú. Ní Nàìjíríà, níbi tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS, kò ṣòro kí AS kan gba ìwé AA.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wọlé, kí baba, ìyá àti ọmọ lọ tún àyẹ̀wò ṣe níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pe ìyàwó ní alágbèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fẹ́ra sọ́nà, ẹ má fi èsì ẹyọ kan ṣoṣo dá ọjọ́ ìdána.