Ògiri àti Òṣùwọ̀n: Ìtàn Kọ̀ntẹ́nà Nínú Linux

Bí ọ̀pọ̀ ìdílé bá ń gbé inú agbo ilé kan, ògiri ni ó ń pààlà sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń fa omi kànga gbẹ láràárọ̀, ògiri kò lè gba àwọn yòókù lọ́wọ́ òùngbẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn ètò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan.

Ní ọdún 1979, àṣẹ chroot wọ inú Unix ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà. Àṣẹ yìí ń mú kí ètò kan gbà pé àpò fáìlì tí a fi í sí ni gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n fáìlì nìkan ni ó bò. Ẹni tí ó bá ní agbára root, ìyẹn agbára ọ̀gá pátápátá, lè fọ́ ògiri náà jáde. Ní ọdún 2000, jail tí Poul-Henning Kamp ṣe fún FreeBSD bu agbára root náà kù.

Linux náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri tirẹ̀, tí à ń pè ní namespaces. Ti fáìlì dé ní ọdún 2002. Ti àwọn aṣàmúlò kò parí títí di ọdún 2013. Ní ọdún 2006 ni Paul Menage àti Rohit Seth ti Google bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ náà wọ Linux 2.6.24 ní oṣù kìíní ọdún 2008, lábẹ́ orúkọ cgroups. Òun ni a fi ń pín ìrántí kọ̀ǹpútà àti àkókò iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ kan bá jẹ ìrántí kọjá ìpín rẹ̀, inú ẹgbẹ́ náà ni a ti ń pa ètò, a kì í pa ti aládùúgbò.

Ní ọdún 2008 kan náà, LXC so ògiri pọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n. Ní ọdún 2013, Docker tí Solomon Hykes gbé jáde sọ ọ́ di ohun tí ó rọrùn láti dì, láti gbé àti láti tú.

Síbẹ̀, òrùlé kan ni gbogbo yàrá náà ní: kernel kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Ní ọdún 2019, àbùkù kan hàn nínú runc, ètò tí ó ń ṣí kọ̀ntẹ́nà, tí ó lè jẹ́ kí ará inú yàrá gba agbára root lórí gbogbo ilé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gba àlejò tí kò mọ̀ rí sínú agbo ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́kàn lé ògiri nìkan.