Ìgò Mínírà Méjì

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndò yóò ti gbọ́ ọ rí: bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, àwọn ìyá àgbà á ní eyín ló fẹ́ hù. Wọ́n á fún un ní ẹ̀kọ mímu, wọn kò sì ní jẹ́ kó fẹnu kan ohun dídùn, torí wọ́n gbà pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Èrò yìí ni ìtọ́jú tuntun bá nílé.

Ọ̀nà jíjìn ni ìtọ́jú náà ti wá. Ní 1968, ní Dhaka, àwọn oníṣègùn fi hàn pé bí iyọ̀ àti ṣúgà bá wà nínú omi, ìfun á gba omi náà sára, kódà bí kọ́lẹ́rà ṣì ń ṣe èèyàn. Nígbà ogun Bangladesh ní 1971, Dókítà Dilip Mahalanabis lò ó fún àwọn ogunléndé ní Íńdíà nígbà tí omi tí wọ́n ń fà síni lára tán. Àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn ló ń bu omi náà fún wọn mu.

Ní 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera wa. Ohun tó wà nílé ni wọ́n fi kọ́ àwọn ìyá wa: omi mímọ́ ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì, ìyẹn 600 mililítà, ṣúgà ṣíbí 10, iyọ̀ ṣíbí 1. Ṣíbí kékeré tó gba 3 mililítà ni, kò sì gbọdọ̀ kún kọjá etí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ìgò mínírà ìgbà náà, 30 sẹ̀ǹtílítà ni. Ọ̀pọ̀ tòde òní jẹ́ 35 tàbí oníke 50. Ṣíbí náà ti yàtọ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọ léṣe. Ìdí nìyí tí ORS onípákẹ́ẹ̀tì fi dára jù, bí a bá po ó mọ́ iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Láti 2004 ni WHO àti UNICEF sì ti ní ká fi oògùn zinc kún un fún ọjọ́ 10 sí 14.

Ẹ̀kọ mímu àwọn ìyá àgbà kò burú. Ọmọ gbọ́dọ̀ máa jẹun, kó sì máa mu ọmú. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè mu omi, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Bí ẹ bá délé lópin sẹ̀mẹ́sítà yìí, ẹ bi màmá yín pé: ìgò wo ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n?