Egungun Tútù, Egungun Gbígbẹ

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń fi egungun wádìí ikú kò ní ṣe wàhálà lórí agbárí, ìhà tàbí ìbàdí. Àkókò ìpalára ni yóò dà á láàmú. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ń lò: ìpalára ṣáájú ikú, ti ìgbà ikú, ti ẹ̀yìn ikú. Bí a bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ lédè wa, a ti fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu egungun. Ohun tí olùwádìí ń rí ni ipò tí egungun wà nígbà tí nǹkan bà á. Bí egungun tuntun bá ti ń hù létí ojú ibi tó dá, olóògbé ti lo ọjọ́ mélòó kan láyé lẹ́yìn ìpalára náà. Bí àmì ìjiná kò bá sí, etí ibẹ̀ ni wọ́n ń wò. Egungun tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ máa ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó dá tán, etí rẹ̀ á sì dán; èyí tó ti gbẹ máa ń kán ní ìdábùú, etí rẹ̀ á rí págunpàgun, ojú ibẹ̀ á sì funfun ju ara yòókù lọ. Ṣùgbọ́n egungun kì í gbẹ lọ́jọ́ tí èèyàn kú. Nínú ilẹ̀ tútù, ó lè tó oṣù mélòó kan.

Ẹ wo Richard Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pa lójú ogun Bosworth ní 1485, tí wọ́n hú egungun rẹ̀ ní Leicester ní 2012. Ìpalára 11 ni àwọn olùwádìí kà sí ti ìgbà ikú, 9 nínú rẹ̀ lórí agbárí. Ọ̀kan wà ní ìbàdí, àwọn olùwádìí náà sì rò pé ẹ̀yìn tó kú, tí wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù irin rẹ̀, ni wọ́n ṣe é. “Ìpalára ìgbà ikú” kò bá èyí mu. “Ìpalára egungun tútù” bá a mu, nítorí omi egungun náà kò tíì gbẹ; “egungun gbígbẹ” sì dúró fún èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí omi náà ti gbẹ.

Agbẹjọ́rò lè ní ohun tó pa olóògbé ni ilé-ẹjọ́ ń wá. Òótọ́ ni, àmọ́ ibi tí wọ́n ti bá òkú, ẹran ara tó kù àti ọta ìbọn wà lára ohun tí yóò dáhùn ìyẹn. Bí orúkọ ìpalára bá ti dáhùn ṣáájú wọn, ògbufọ̀ ti di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní “tútù” lè mú mọ́ṣúárì wá sọ́kàn. Ta ló gbọ́ ẹran tútù tó lọ ń wá yìnyín?