Ta Ló Kọ́lé De Ọjọ́ Ogbó?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, orí àtẹ̀gùn ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Lóru ọjọ́ kan, ìyá mi, ẹni ọdún 78, ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa n'Íbàdàn, ó ń lọ sí ṣáláńgá tó wà lẹ́yìnkùlé. Iná ti lọ. Òjò ti gba ojú pàánù tó jẹrà wọlé, ó ti rin àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ Ìyá yọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá tí egungun kò fi kán, ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn yẹn ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí pé kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lóorun.

Nígbà tí àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé jọ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí á kó Ìyá lọ sí Èkó, ó ní yàrá kan ṣófo nílé òun. Ìyá gbọ́ wa títí, ó wá ní: "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá kí mi l'Ékòó láàárọ̀? Ilé yìí ni wọ́n mú mi wá níyàwó, inú ẹ̀ ni mo bí gbogbo yín sí. Bí ẹ bá fẹ́ràn mi, ilé ni kí ẹ tún ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mò ń ṣe, bí nǹkan bá sì ti rú mi lójú, n óò wádìí rẹ̀ ni. Mo wá ń bi ara mi pé: báwo ni àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé tí àgbà fi ń dàgbà sínú rẹ̀ láìsí wàhálà?

Ẹ jẹ́ ká wo agbo ilé àtijọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wọn á fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọn á mọ ọ́n ní ìpele kan, wọn á jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé ìpele mìíràn lé e. Òrùlé á yọ síta dáadáa, kí òjò má baà jẹ ìdí ògiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ á yí àgbàlá ká, ibẹ̀ sì ni àgbà ń jókòó sí tó fi ń rí gbogbo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Bó bá wúkọ́ lóru, ó kéré tán, ènìyàn mẹ́ta á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó jọ mí lójú jù ni pé àwọn baba wa kò tan ara wọn jẹ. Wọ́n mọ̀ pé koríko kì í pẹ́ lórí ilé. Nítorí náà, àtúnṣe ní àsìkò tirẹ̀ lọ́dún. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n sọ ọ́ di ọdún ńlá: ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá, èyí tí wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin. Ẹ ò rí i pé àtúnṣe ilé ni wọ́n fi ń bọlá fún ọba! Ní ti àwa mẹ̀kúnnù, ọ̀wẹ̀ la máa ń bẹ̀. Àna ọkùnrin á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn á lọ bo ilé bàbá ìyàwó rẹ̀. Bàbá arúgbó kò ní láti wá owó káfíńtà.

Ìgbà wá yí padà. Ní ọdún 1845, àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Àgbádárìgì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni àwọn Àgùdà, ọmọ wa tó ti oko ẹrú Bràsíl dé, kún Èkó pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Àwọn ènìyàn rí ilé wọn, ojú sì wọ̀ ọ́. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Pàánù àti sìmẹ́ńtì tó ṣòro láti rù lórí wá láti etí òkun wá ń dé pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Nígbà tí owó kòkó sì dé lẹ́yìn ogun Hitler, kí olúkúlùkù máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kù. Owó kòkó yẹn ni bàbá bàbá mi fi kọ́ tiwa. Bíríkì amọ̀ ni ògiri, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀, pàánù ló wà lórí.

Mi ò bú pàánù o. Iná kì í jó o bí ti koríko. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló bá a wọlé. Àkọ́kọ́, nítorí pé pàánù kì í béèrè àtúnṣe lọ́dọọdún, a gbàgbé pé ilé ń béèrè àtúnṣe rárá. Èkejì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi àgbà sí òkè. Òkè ni iyì wà, òkè ni olórí ilé ń sùn, ìsàlẹ̀ la fi ń háyà. Ẹni tó kọ́ ọ lókun nígbà tó ń kọ́ ọ, kò rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún á dà bí Òkè Ìdànrè.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nìyí. Bíríkìlà kékeré kan kọ́kọ́ wá, ó ní òun á fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ibi tó sán, ọjọ́ méjì péré. Àgbà bíríkìlà kan ládùúgbò ló gbà wá. Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, omi lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé jáde. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bo amọ̀ tó tutù, omi á há sínú ẹ̀, ọdún méjì, gbogbo ẹ̀ á ṣí wálẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí. Nítorí náà, òrùlé la kọ́kọ́ ṣe: a yọ igi tí ikán ti jẹ, a fi tuntun sí i, a jẹ́ kí pàánù yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, a la gọ́tà yí ilé ká kí àgbàrá má baà máa fọ ìdí rẹ̀. A jẹ́ kí ògiri gbẹ, kí a tó fi amọ̀ dí ibi tó sán.

Ìgbà náà la wá ṣe ti Ìyá. Yàrá iwájú nísàlẹ̀, tí a fi ń gbowó ṣọ́ọ̀bù, la gbà padà fún un. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Àbúrò mi kan bínú nítorí owó ìyá ilé tó lọ. Ilé ìgbẹ́ àti balùwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà báyìí, kò sí ìgbésẹ̀ kankan láàárín wọn. A ò lo táìlì tó ń dán, sìmẹ́ńtì tó rí hákahàka la tẹ́ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, ìta ló sì ń ṣí sí, torí pé bí àgbà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ta ni yóò rí i gbé? A fi irin ìdìmú róbótó sára ògiri. A ṣe irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àtẹ̀gùn náà, nítorí pé lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá ṣì fẹ́ gòkè lọ wo fọ́tò Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tó ń dun èmi fúnra mi. Nígbà tí Bàbá kú, a rí owó kun gbogbo ilé ní ọ̀dà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A rẹ́ ògiri iwájú, a tún géètì ṣe, kí àlejò ìsìnkú má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko ni Bàbá fi ń tẹ àtẹ̀gùn yẹn lójúmọ́, tó ń fi ọwọ́ wá ògiri nínú òkùnkùn. Kò sí ẹni tó fi irin kan ṣoṣo síbẹ̀ fún un. Owó irin yẹn kò tó owó màlúù kan tí a pa.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Láyé àtijọ́, ọ̀wẹ̀ ni ọmú yẹn. Lónìí, ó lè jẹ́ gọ́tà, ó lè jẹ́ irin ìdìmú. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà nílé àtijọ́, bí ẹ bá délé nígbà ọdún, ẹ má jókòó sí pálọ̀ nìkan. Ẹ dúró di òru, ẹ pa iná, kí ẹ rìn láti ibùsùn wọn dé ilé ìgbẹ́. Ohun tó bá kọ yín lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Ìyá mi ti ń sùn nísàlẹ̀ báyìí. Ojú fèrèsé rẹ̀ ló ń jókòó sí láàárọ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sọ́jà ló sì ń kí i.